Kílómáajáde

Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì tí kò ní tirẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lè jẹ́ Adéwálé tàbí Fúnmiláyọ̀. Ní kíláàsì lítíréṣọ̀, Kílómáajáde là ń pè é. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bá wọ yunifásítì, òun náà ló sì máa bá jáde.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ la máa kà, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Wọ́n ní ẹni tí wíwá sí kíláàsì rẹ̀ kò bá pé ìdá 75 nínú 100 kò ní jókòó ìdánwò. A ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ni Kílómáajáde nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá ibo ló máa jáde?”

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ó kó ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́wàá jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọtokópì lẹ́nu géètì. Ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó fi bírò pupa yí èyí tó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta po. Ká ní ìdajì wàhálà yìí ló fi ka ìwé náà ni, ì bá ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Ti wíwá sí kíláàsì ńkọ́? Ó ń wá. Á sáìn fún ara rẹ̀, á sáìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo tó kọ́ yanjú nìyẹn.

Nígbà tó kan Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, inú rẹ̀ dùn dé ọrùn. Túndé Kèlání ti fi ìwé yẹn ṣe fíìmù láti 1997, òun sì ti wò ó. Ìbéèrè ní ká ṣàlàyé ìwà Àjàní. Kílómáajáde kọ ojú ewé mẹ́ta lórí ìró àti bùbá òlékú, ó wá fi kádìí rẹ̀ pé Yẹmí Ṣódìmú tó ṣe Àjàní nínú fíìmù gbìyànjú gan-an. Ó gba 45. Ó yege.

Ẹ ó bi mí pé báwo? Ẹ bá mi yọjú wo ẹ̀yìn tábìlì olùkọ́. Nóòtì wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Àwàdà tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, etí nóòtì ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n má baà gbàgbé ibi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn náà ń retí lọ́dọ̀ wa kò pọ̀: ká ra hàńdáòtù, ká kọ orúkọ sí lísìtì, ká sì dá ohun tí wọ́n pè fún wa padà lọ́jọ́ ìdánwò bí owó àyálò, láìdín, láìlé. Bí o bá fi èrò tìrẹ kún un, èlé ni, wọn kì í sì í gba èlé.

Ìjà ò sí níbẹ̀ rárá. Ìmùlẹ̀ ni: má yọ mí lẹ́nu, n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Fágúnwà nìkan ni wọn ò pè sí ìpàdé.

Àfi ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan dìde lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀yìn ìwé ọwọ́ rẹ̀ ti bó. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú Ògbójú Ọdẹ, bàbá àgbàlagbà ló wá sọ ìtàn fún òǹkọ̀wé, tó ní kó bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ta wá ni ká sọ pé ó ni ìtàn náà? Ẹni tó sọ ọ́ ni, àbí ẹni tó kọ ọ́?”

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Olùkọ́ ṣí nóòtì síwájú, wọ́n ṣí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Wọ́n wo Kílómáajáde, òun náà wò wọ́n, bí ajigbèsè méjì tí olówó ká mọ́ ìdí ayò. Ló bá nawọ́ láti gba ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìyẹn máa jáde?”

“Kò ní jáde,” ni olùkọ́ wí, bí ẹni ń dúpẹ́ oore.

Bírò gbogbo wa padà sínú àpò. Ọmọbìnrin náà jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kà á lọ.