Ayálégbé Tí Kọ̀ǹpútà Ní Á Kó Jáde

Ẹ bá mi kí Alàgbà Módẹ̀lì. Ẹ kí wọn dáadáa o. Ẹni tó jókòó sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí lọ́rùn, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ẹrẹ̀ rí, tó wá ń sọ fún ilẹ̀ bí yóò ṣe mu omi, ẹ mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe módẹ̀lì àwọn ọmọge tó ń wọ aṣọ àrà rìn lórí pèpéle ni mò ń wí. Àwọn wọ̀nyẹn ṣì ní ìdí tí èèyàn lè wò. Alàgbà tèmi kò ní ju nọ́ńbà lọ láti orí dé ẹsẹ̀. Ayé kékeré tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ìṣirò kọ́ sínú kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n á gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì, wọ́n á sọ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan iye omi tó lè gbà mọ́ra, bí omi ṣe lè yára kọjá nínú rẹ̀, ohun tó yòrò sínú omi náà, àti ohun tí nǹkan ọ̀hún máa bá yẹ̀pẹ̀ dà pọ̀ dì. Alàgbà á ṣírò, á ṣírò, á gbórí sókè: "Lọ́dún báyìí, omi á ti dé ibi báyìí, májèlé inú rẹ̀ á ti ku báyìí." Àwòrán aláwọ̀ mèremère ló fi ń sọ ọ́. Ta ni yóò bá àwòrán tó pupa lápá kan, tó ní búlúù lápá kejì, jiyàn?

Ẹ má fi ìran wọn ṣeré. Bàbá ńlá wọn ni Henry Darcy, ẹnjiníà ará Dijon ní ilẹ̀ Faransé, tó rọ iyanrìn sínú páìpù gìrìwò kan tó dúró ṣánṣán ní ilé ìwòsàn ìlú náà, tó ń da omi gbà á kọjá, tó sì ń wọn èyí tó ń jáde. Mo máa ń ro ti àwọn aláìsàn tó bá yọjú lójú fèrèsé: wọ́n wá gba ìwòsàn, wọ́n rí àgbàlagbà tó ń fún yanrìn lómi mu. Ní 1856 ló tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé tó kọ nípa omi ẹ̀rọ Dijon, nínú àwo bàbá yẹn náà ni módẹ̀lì omi abẹ́ ilẹ̀ ṣì ti ń jẹun títí dòní.

Ti Darcy rọrùn, nítorí omi kún inú yanrìn rẹ̀ dẹ́nu. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ló jọ háyà yàrá níbẹ̀. Lorenzo Richards ló kó ọ̀rọ̀ yìí sínú ìṣirò kan ní 1931, ó sì fi gbé gbèsè kọ́ ọrùn kọ̀ǹpútà tí wọn kò tíì bí. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀nà omi á dí. Bí ọ̀nà omi bá dí, ilẹ̀ kò ní tètè rin. Kọ̀ǹpútà ní láti mọ bí ilẹ̀ ṣe rin tó kó tó mọ bí omi ṣe ń rìn tó, ó sì ní láti mọ bí omi ṣe ń rìn tó kó tó mọ bí ilẹ̀ ṣe rin tó. Tọkọtaya tó ń bínú ni, tí kálukú ń retí kí ẹnìkejì kọ́kọ́ lanu. Kọ̀ǹpútà á máa gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí ìkejì títí tí àwọn méjèèjì á fi sọ ohun kan náà. Nígbà mìíràn, pàápàá tí òjò ńlá bá ṣàdédé rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gbẹ táútáú, á rẹ̀ ẹ́, á ní òun kò rí ìdáhùn. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un lálẹ́ á dé láàárọ̀, á bá a níbi tó jókòó sí.

Ní 1980, Rien van Genuchten, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní Riverside ní California, tún wá dín iṣẹ́ kù. Nọ́ńbà márùn-ún péré tó láti fi sọ bí ilẹ̀ kan ṣe ń di omi mú àti bó ṣe ń jẹ́ kí omi kọjá. Márùn-ún! Ewúrẹ́ ìyá mi nìkan, nọ́ńbà márùn-ún kò tó fi júwe ìwà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí mo tìtorí rẹ̀ pe Alàgbà jáde lónìí, ní Hanford ló ti ṣẹlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Washington, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe plutonium tó wà nínú bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Nagasaki ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, mo ti kọjá níbẹ̀.

Lápá gúúsù Hanford, létí odò Columbia, ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní 300 Area. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi yùréníọ̀mù rọ ọ̀pá tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe plutonium náà. Omi ìdọ̀tí tó ń jáde, adágún tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan sí nídìí ni wọ́n ń dà á sí, láti 1943 títí di 1975. Báyìí ni yùréníọ̀mù ṣe rí ilé gbé. Kò san owó ilé, kò buwọ́ lùwé, kò mú onídùúró wá.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kó máa lọ. Wọ́n bi Alàgbà pé bí àwọn bá fi í sílẹ̀, tí àwọn kàn ń ṣọ́ ọ, ìgbà wo ni omi kànga ibẹ̀ máa mọ́? Alàgbà wúkọ́. Alàgbà ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá, kí wọ́n máa kà á láti 1993. Ní 1996, ìjọba fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ti bá ayálégbé fa wàhálà rí, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín.

Ọdún mẹ́ta pé, yùréníọ̀mù wà nílé. Ọdún mẹ́wàá pé ní 2003, ó wà nílé, ó ti ra fìríìjì. Òfin Amẹ́ríkà ní kó má ju máíkírógíráàmù 30 lọ nínú lítà omi mímu kan, àwọn kànga kan létí odò ń wo òfin náà bí ọ̀mùtí ṣe ń wo pátákó "Má tọ̀ síbí."

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló tú Alàgbà síhòòhò. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ìwọ̀n báyìí yùréníọ̀mù bá wà nínú omi, ìwọ̀n báyìí ni yóò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, lójú òjò, lójú ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní yí padà. Kd ni wọ́n ń pe nọ́ńbà náà. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń rí i ni pé wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ kúnná sínú ìgò, wọ́n á da omi tó ní májèlé sí i, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á wọn èyí tó ṣẹ́ kù nínú omi. Ilẹ̀ 300 Area sì rèé, òkúta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ tán, fífọ ilẹ̀ mọ́ á dà lójú rẹ̀ bíi ṣíṣan ọṣẹ kúrò lára aṣọ: omi kìíní, omi kejì, ó tán, ẹ sá a.

Yùréníọ̀mù kì í ṣe ọṣẹ. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ kábọ́nẹ́ẹ̀tì. Níbi tí ọ̀rẹ́ yìí bá ti pọ̀ nínú omi, á fi òkúta sílẹ̀, á bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣe fàájì. Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní kábọ́nẹ́ẹ̀tì ju omi odò lọ. Tí omi odò bá wọlé, ọ̀rẹ́ á wọ́n, yùréníọ̀mù á padà lọ rọ̀ mọ́ òkúta bí ọkọ tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ tó wá rántí ilé. Irú ẹni báyìí lẹ fi nọ́ńbà kan ṣoṣo júwe, Alàgbà?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti orí àjà. Alàgbà ka àwọn tó wà nínú yàrá, ìyẹn nínú omi abẹ́ ilẹ̀, kò gbójú sókè. Ẹbí yùréníọ̀mù ló kún orí àjà, nínú ilẹ̀ tí kò kún fómi tó wà lókè. Tí yìnyín orí òkè bá yọ́ tí odò Columbia kún, omi abẹ́ ilẹ̀ á gbé ara sókè, á kan ẹsẹ̀ àwọn ará orí àjà. Tí odò bá fà, wọ́n á bá omi sọ̀ kalẹ̀, yàrá tí wọ́n ní ó fẹ́ ṣófo á tún kún. Lọ́dọọdún! Dáàmù Priest Rapids tún wà lókè odò, bí wọ́n bá ṣe nílò iná mànàmáná tó ni wọ́n ń tú omi sílẹ̀ tó, odò á gòkè, á sọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wọ inú ihò tíntìntín tó wà nínú òkúta fúnra rẹ̀, wọ́n ń yọ́ jáde níkọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò.

Ojú ti àwọn ọmọ Alàgbà. Ní 2010, Glenn Hammond àti Peter Lichtner gbé módẹ̀lì mìíràn jáde fún 300 Area yìí kan náà. PFLOTRAN ni ètò tí wọ́n lò, Jaguar ni kọ̀ǹpútà tó gbé e, ní Oak Ridge ní Tennessee. Jaguar yìí ló yára jù láyé ní oṣù kọkànlá ọdún 2009. Módẹ̀lì yìí ka gíga odò ní wákàtí-wákàtí, ó sì gbà pé yùréníọ̀mù kan máa ń yára jáde, òmíràn á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo ibi tí a rìn dé: kọ̀ǹpútà tó yára jù láyé ti wá mọ̀ pé odò máa ń kún, ó sì máa ń fà. Ọmọ tó ń fi ìwọ̀ pẹja létí odò ọ̀hún ì bá ti sọ ìyẹn fún wọn, bí wọ́n bá fún un ní bisikíìtì.

Ó dáa, mo mọ̀ pé mo ti ṣe é jù. Ọmọ náà kò ní mọ ti kábọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì ní mọ ẹni tó wà lórí àjà. Èmi gan-an tí mò ń fi Alàgbà ṣẹ̀sín, bí ẹ bá bi mí ibi tí omi tí mo dà sí ẹ̀yìnkùlé lánàá wà báyìí, màá ní ó ti gbẹ. Alàgbà kò purọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló tún sọ fún wọn, ó kàn fi pupa àti búlúù kùn ún ni, gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́.

Ní 2013, ìjọba ṣe ìpinnu mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n fún omi tó ní fọ́sífẹ́ẹ̀tì sínú ilẹ̀, kó gbá yùréníọ̀mù mú, kó sọ ọ́ di nǹkan líle tí omi kò ní lè tètè tú. Ṣé ó yé yín? Onílé ti jáwọ́ nínú kí ayálégbé jáde. Ó ti ra àgádágodo, ó fẹ́ tì í mọ́lé.

Wọ́n wá ní kí ẹnì kan bá àwọn ṣírò iye ọdún tí omi kànga fi máa mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ò ní mọ ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Alàgbà ti ń wúkọ́.