Àgbájọ Ọwọ́, Àyà Ẹnìkan

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn àgbà tó wí bẹ́ẹ̀ kò sọ àyà ta ni, torí kò rú wọn lójú: ẹni tó bá dá èsúsú ni yóò kó o, bó pẹ́ bó yá. Ayé wá dayé íntánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ pọ̀ rẹpẹtẹ, àyà ẹni tó kówó jọ nìkan la sì ń bá a sọ.

Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Atikori, n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Igbó ti bo oko kòkó bàbá rẹ̀, èso ń rà mọ́ igi, bẹ́ẹ̀ ní 2024 tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé. Bàbá ní kó mú àdá wá. Ọmọ ní àgbẹ̀ ìgbàlódé lòun. Ó jókòó sábẹ́ fáànù, ó tẹ fóònù, ó ra ìpín nínú àgbàdo tí wọ́n ní àwọn ń gbìn lókè Ọya. Àwa Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń pè láhun, tí a kì í yá aládùúgbò ní kọ́bọ̀ láìtọpinpin bàbá tó bí i!

Farmcrowdy ti Onyeka Akumah ló ṣíwájú irú oko orí fóònù yìí ní 2016. Èrò náà kò burú o. Àgbẹ̀ gidi ń wá owó ajílẹ̀, báńkì kò sì fẹ́ rí i sójú. Àmọ́ nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, Thrive Agric, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò rí owó olówó san lásìkò, làwọn àgbẹ̀ orí fóònù bá fárígá lórí Twitter.

Ní oṣù kìíní 2021, àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà gbé òfin jáde: ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ èrò báyìí gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, mẹ̀kúnnù kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sí i. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn, nígbà tí CBEX, ojú òpó ìdókòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́? Ní oṣù kẹrin 2025, owó kò ṣeé gbà jáde mọ́. Ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, àwọn olówó ya bo ọ́fíìsì, wọ́n ń gbé àga. Àjèjé ọwọ́ kan kò kúkú gbẹ́rù dórí. Wọ́n ran ara wọn lẹ́rù dáadáa.

Ọ̀rẹ́ wa ará Atikori, tí owó tiẹ̀ náà há sí CBEX, fẹ́ lọ gbé àga tiẹ̀, kò rówó ọkọ̀. Bàbá ní owó ọkọ̀ wà lóko, kó lọ ká a.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ò lè fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi ni?"