Ọ̀gá Sístẹ́ẹ̀mù

Láti Ọba Akran dé Agídíńgbì, ó ṣòro kí iléeṣẹ́ kan má ní Ọ̀gá Sístẹ́ẹ̀mù tirẹ̀. Akáńtáǹtì ni wọ́n gbà á fún, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn mọ́? Bí ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta bá tò sẹ́nu géètì, tí ọjà kún sítọ́ọ̀, ínfọ́ìsì ò ní jáde àfi bí Ọ̀gá Sístẹ́ẹ̀mù bá dé láti Agége. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Pen Cinema ló máa ń dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ṣí afárá ibẹ̀ láti 2021.

Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ Peachtree, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò owó, lókè ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò fóònù kan. Peachtree ti ń jẹ́ Sage 50 láti ọjọ́ pípẹ́; nínú CV tirẹ̀, kò tíì yí orúkọ padà. Nígbà tí iléeṣẹ́ ra SAP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó owó àti ọjà, èèyàn márùn-ún ni wọ́n kọ́ ní ìlò rẹ̀. Mẹ́rin ti jápa. Òun ló kù, ó sì sàba lé páswọ́ọ̀dù bí adìẹ tó wà lórí ẹyin.

Kì í gba ìsinmi. Ẹ má pè é ní ìfẹ́ iṣẹ́ o. Ẹ̀rù ló ń bà á kí ẹlòmíì má jókòó sórí àga rẹ̀.

Ní oṣù Kejì 2020 tí ìjọba sọ VAT di 7.5% láti 5%, kóòdù tuntun kan ló yẹ kó fi kún sístẹ́ẹ̀mù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ní kí wọ́n pa fáànù, ariwo ń dí òun lọ́wọ́. Ó gba owó oúnjẹ alẹ́. Nígbà tó jáde, MD fúnra rẹ̀ dìde kí i.

"Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, sístẹ́ẹ̀mù kò gba ọjà wọlé," ni Màmá Sítọ́ọ̀ wí.

"Màmá, ẹ ti tẹ nǹkan. Master data yín ti dàrú."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi ń sọ ọ́ náà nìyẹn. Èyí tó sì pa mí lẹ́rìn-ín jù: bí oṣù bá parí, gbogbo ìṣirò tí SAP olówó gọbọi yẹn lè ṣe, inú Excel ló máa ń kó o lọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa rò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àmọ́ iléeṣẹ́ tó na dọ́là ra SAP, tó ní kò sówó láti kọ́ ẹnì kejì, àwọn gan-an ló fi í jẹ oyè.

Wọ́n wá gbé ọmọbìnrin kọ́pà kan dé. Ó wo ọwọ́ ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ wo fídíò lórí YouTube lóru. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀gá gbàgbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó ti tẹ ínfọ́ìsì mẹ́wàá jáde kí ọ̀gá tó dé. Ọ̀gá yìn ín níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ọmọ tó já fáfá tó báyìí, sítọ́ọ̀ ló ti máa wúlò jù.

Páálí ló ń kà níbẹ̀ títí di òní.