Bàbá Dókítà Kò Tíì Fẹ̀yìn Tì

Bí ẹ bá rí bàbá àgbàlagbà kan ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, tó dúró létí gọ́tà láàárọ̀ kùtù, tó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn, tó ń retí kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ bèèrè iṣẹ́ tó ṣe rí. Dókítà oníṣẹ́-abẹ ni. Òfin iṣẹ́ ọba ìgbà tirẹ̀ ní kó máa lọ sílé bó bá pé ọmọ ọdún 60 tàbí tó bá ti lo ọdún 35, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ nìkan ni òfin gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àṣẹ pípa sílẹ̀ fún un. Bàbá lóun fẹ́ sinmi, òun fẹ́ gbin ewébẹ̀, òun fẹ́ kàwé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé. Igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù: gígé ni. Àtíbàbà ìyá alákàrà: gígé ni. Wáyà iná ẹni tó jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ: gígé ni. Tẹ̀tẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn pàápàá kì í ga ju ìka lọ kó tó yọ ọ̀bẹ sí i.

Kì í ṣe ìkà, ọjọ́ orí kọ́ ló sì fà á. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kì í dúró de ìpàdé, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í sábà bá oníṣẹ́-abẹ jiyàn ní tíátà. Àwọn kan á ní gọ́tà ti mọ́ láti ìgbà tó ti dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n fi ń kun àwọn tí bàbá ń gé tẹ́lẹ̀ lóorun. Ará Jakande ò sùn. Aláìsàn pàápàá máa ń fọwọ́ síwèé kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ta ló fọwọ́ síwèé fún àtíbàbà? Àwọn dókítà kéékèèké ló ń bá ọ̀gá gba ìwé ìyọ̀ǹda náà, ọ̀gá ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ààyè.

Ẹlòmíràn lè ní iṣẹ́ náà ò jẹ́ kó ráyè kọ́ ìwà mìíràn. Ṣùgbọ́n Latunde Odeku, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ń kọ ewì nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Ó kú ní 1974 láìtíì pé ọmọ ọdún 50, kò dúró de ìfẹ̀yìntì kó tó fẹ́ràn nǹkan mìíràn. Nítorí náà, kí ọ̀gá máa gba ìwé ìyọ̀ǹda fúnra rẹ̀ láti ìsinsìnyí: kó jókòó ti ẹni tó ṣì lajú, kó ṣàlàyé, kí wọ́n sì sọ fún un nígbà mìíràn pé àwọn ò ṣe. Ẹni tó bá ti gba èyí mọ́ra lè wá ṣe alága.