Wọ́n Gbé Ayùn Gẹdú Gun Igi Máńgòrò, Ojú Ò Sì Tì Wọ́n!

Ṣé ẹ ti gbọ́? Bí ẹ ò bá tíì gbọ́, ẹ sún mọ́ mi, n kò ní í pariwo. Ìwà tí àwọn ọmọkùnrin tó ń gé ẹ̀ka igi ń hù ní Abẹ́òkúta báyìí, láti Ìbarà dé Àṣerò, kò ṣeé sọ lójú ọmọdé. Ẹ̀rọ ayùn tí àwọn onígẹdú fi ń la igi sí pákó nínú igbó, èyí tí wọ́n ń pè ní 070, òun ni wọ́n so mọ́ ìdí tí wọ́n fi gun igi máńgòrò! Ẹ̀rọ tó tó nǹkan bíi kílò 10 kí wọ́n tó fi irin gígùn àti ṣéènì sí i, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní búréèkì tó ń dá ṣéènì dúró. Bó bá ta sẹ́yìn, ojú ẹni tó dì í mú ló ń bọ̀. Háà! Ta ló tọ́ wọn dàgbà?

Kí ni wọ́n sì fi ń gùn? Adẹ́mu tí kò mú ju àdá lọ́wọ́, igbà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó fẹsẹ̀ kan ọ̀pẹ. Àwọn tiwa mú ohun tó ń gé ìrókò, okùn ọ̀rá ni wọ́n rọ̀ mọ́. Ṣíọ̀!

Wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó fúyẹ́ wà. Irọ́ ni! Stihl ti Jámánì ń ṣe MS 201 T, Husqvarna ti Súwídìn ń ṣe T435. Èyí tó pé kílò 4 kò sí nínú méjèèjì láìka irin àti ṣéènì. Echo CS-2511T ti Jàpáànù tiẹ̀ tún fúyẹ́ jù wọ́n lọ, kílò 2 àti díẹ̀ ni. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni ibi ìdìmú wọn wà, kó lè ṣeé yí láàárín ẹ̀ka. Irin ínṣì 12 tàbí 14 sì ti tó fún ẹ̀ka máńgòrò àti dóńgóyárò.

Kí ló wá dé tí wọn ò rà á? Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí: owó ariwo ni wọ́n ń gbà. Bí onílé bá gbọ́ tí 070 ń bú ramúramù, ó gbà pé iṣẹ́ ń lọ. Bó bá rí èyí tó kéré, á yọ ṣùtì: “Ṣé nǹkan ìṣeré yìí lẹ fẹ́ torí ẹ̀ gba gbogbo owó yìí?” Onílé tó ra aṣọ ẹbí mẹ́ta lóṣù kan, ló ń ná ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń ná ata ní Kútọ̀!

Ẹ má tíì yin àwọn tó ra kékeré o. Tiwọn tún burú jù. Torí pé ó fúyẹ́, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń mú un, wọ́n á fi ọwọ́ kejì di ẹ̀ka tí wọ́n ń gé mú, ẹnì kan á sì máa ya fídíò nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ pé ọwọ́ méjì ni, ó sì sọ pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ orí igi nìkan ló wà fún. Kí apá òkè ṣóńṣó irin kan igi báyìí, ó ti ta sẹ́yìn nìyẹn. Ayùn kò sì mọ okùn yàtọ̀ sí ẹ̀ka: ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń so ara wọn mọ́ igi níbi méjì kí wọ́n tó gé ohunkóhun.

Wọ́n ní ojúlówó ẹ̀rọ kékeré wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ọmọ Ẹ̀gbá ló yẹ kí n máa kọ́ ní àjọṣe? Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, fi Ẹgbẹ́ Aáró kó àgbẹ̀ jọ, wọ́n ń bá ara wọn ro oko, títí wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Agégi márùn-ún ní Lafẹ́nwá kò wá lè dá èsúsú ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo! Owó ọtí kò wọ́n wọn, owó fóònù kò wọ́n wọn.

Ẹ̀yin onílé náà, ẹ má rò pé mi ò rí yín. Bí mo bá tún gbọ́ ohùn 070 lórí igi nínú ọgbà ẹnikẹ́ni, n kò ní í bá agégi wí. Orúkọ onílé ni mo máa kọ́kọ́ dá nípàdé àdúgbò.