Adìẹ Tó Fẹ̀yìn Tì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adìẹ ẹlẹ́yin inú kéèjì ń fẹ̀yìn tì bó bá pé nǹkan bí ọmọ ọ̀sẹ̀ 72, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ alápatà. Láti ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ British Hen Welfare Trust ti ń bá irú wọn wá alágbàtọ́.

Adìẹ náà á dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti bó, ogbe orí rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí etí fìlà abetí-ajá. Kò tẹ ilẹ̀ rí. Bí wọ́n bá gbé e sórí koríko, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á rò ó wò. Lálẹ́, alágbàtọ́ ni yóò gbé e sórí igi tó yẹ kó sùn sí. Ara kì í rọ adìẹ, ara kì í sì í rọ igi.

Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fi erùpẹ̀ wẹ̀, á dùbúlẹ̀, á na apá, á dijú bí òkú. Alágbàtọ́ á ti káwọ́ lérí kí adìẹ tó dìde gbọn erùpẹ̀ nù. Àwọn kan tilẹ̀ ń hun súwẹ́tà fún adìẹ tó bó, bẹ́ẹ̀ súwẹ́tà tó bá rin ń dá kún òtútù ni. Ìyẹ́ rẹ̀ á padà hù. Ẹyin ńkọ́? Ó ṣì ń yé e, lọ́jọ́ tó bá wù ú.