Ẹ Ti Sọmọ Lórúkọ, Ẹ Ò Tíì Rílé

Nọ́ọ̀sì kan wà, ọmọ Ìbàdàn, èèyàn mi dáadáa ni. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn kan ní Gillingham, ní Kent, lápá gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní yàrá wà nílẹ̀ fún un nítòsí ibẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé ẹnu iṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun kò fẹ́. Ó lọ gba yàrá kan ní Peckham, nínú London, tí àmì àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ SE15. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ẹnu yà á pé mo tiẹ̀ ń béèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ Gillingham n'Íbàdàn?"

Òótọ́ ló sọ. Ká rìn láti Mọ́kọlá dé Òjé, ó ṣòro ká tó rí ẹni tó gbọ́ orúkọ Gillingham rí. London ni gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó wà ní Leeds, London ló wà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Aberdeen, London náà ló wà. Kí físà bọ̀dá yìí tó jáde ni bàbá rẹ̀ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń lọ sí London. Níbi ìdána àbúrò rẹ̀ obìnrin, alága ìjókòó ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ń lọ London dìde kí gbogbo ayé rí i. Ó dìde, onílù sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ná an lówó. Ta ló máa jó irú ijó yẹn tán, kó tún wá sọ pé Gillingham lòun ń lọ?

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà ní kí á wo bí ìdílé ṣe rí, kí orúkọ tí ọmọ yóò jẹ́ lè bá a mu. Tiwa ti dorí kodò: a ti sọmọ lórúkọ lójú gbogbo ayé, a ti fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, ó wá ku ká lọ wá ilé tí yóò bá orúkọ náà mu, iye yòówù kí wọ́n pè é.

Ẹ jẹ́ ká wo bí orúkọ ọ̀hún ṣe ń jẹ́. Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá wa á ti jí ní agogo mẹ́rin, á rọra máa rìn nínú òkùnkùn kó má baà jí àwọn tó kù nínú ilé, á wọ bọ́ọ̀sì dé London Bridge, á wá wọ reluwé tí yóò gbé e fún ohun tó ju wákàtí kan lọ kó tó dé Gillingham. Ní London Bridge yìí ló ti máa ń ya fọ́tò. Ilé gogoro onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní Shard wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ náà gan-an. Á gbé fóònù sókè, á yà á tòun ti iná tó ń tàn lára rẹ̀, á gbé e sórí WhatsApp. Kí reluwé tó dé, èsì ti ń rọ́ wọlé láti ilé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń jayé o!" Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó ń jayé kò tíì jẹun láti àná.

Reluwé tó ń ti Kent bọ̀ lówùúrọ̀ máa ń kún fọ́fọ́. Àwọn tó ń gbé ní Gillingham, Chatham àti Rochester ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní London, nítorí wọ́n ti ṣírò owó ilé tán kí wọ́n tó yan ibi tí wọ́n máa gbé. Tirẹ̀ tó ń lọ sí Kent ṣófo, ó lè na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó mẹ́ta bó bá wù ú. Àwọn yẹn ń sùn níbi tí ilé ti dínwó, wọ́n ń lọ gba owó níbi tí owó wà. Òun ń sùn níbi tí ilé ti gbówó lórí, ó ń lọ gba owó ní Kent. Ẹ sì má rò pé SE15 ń mú ohunkóhun wọlé o. Lóòótọ́ ni NHS, àjọ ìlera ìjọba, ń fi owó kún owó oṣù nítorí ọ̀wọ́n London: ìdá 20 nínú 100 fún àárín ìlú, ìdá 15 fún ẹ̀yìn odi rẹ̀, ìdá 5 fún àgbègbè tó yí i ká. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ibi tó ń sùn. Bó bá tiẹ̀ ń gbé lójúde ọba ní Buckingham, kọ́bọ̀ kan kò ní tìtorí ẹ̀ wọlé.

Ẹ gbọ́ èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún bí mi nínú. Yàrá tó wà ní SE15 yẹn, ọmọ ilẹ̀ wa kan ló fún un. Onítọ̀hún náà, ó háyà ilé náà ni, ó wá ń gé e tà ní yàrá-yàrá. Kò sí ìwé àdéhùn. Òfin tó kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni pé lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ wọlé lórúkọ bọ̀dá wa, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ má baà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Báńkì sì fẹ́ mọ ibi tó ń gbé, àwọn tó ń ṣe ìwé ìwakọ̀ fẹ́ mọ̀, àwọn agbowó-orí náà fẹ́ mọ̀. Ló bá lọ bẹ ọmọ Kerala kan, ará India, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí òun máa lo àdírẹ́sì tirẹ̀. Báyìí, nínú gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ará Gillingham ni. Ìbàdàn nìkan ló ti jẹ́ ará SE15.

Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ London gan-an? Romford ti wà lábẹ́ ìjọba London láti 1965, síbẹ̀ àmì àdírẹ́sì wọn kì í ṣe ti London, RM ni. Sewardstone wà ní Essex, láàrín oko àti ẹran, àmì tiwọn ń jẹ́ E4 ti London bí ẹni pé ìgboro ni. Pápákọ̀ òfurufú Luton ń pe ara rẹ̀ ní ti London, Southend tó wà létí òkun náà ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kódà èyí tó wà ní Oxford fi London ṣáájú orúkọ rẹ̀. Onílé gan-an ń parọ́ London, kò sì sí ẹni tó mú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ní Gillingham kó máa fi ẹnu lásán jẹ́ ará London, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ló dé tó jẹ́ pé tiwa ni a óò san owó rẹ̀ lóṣooṣù?

Mo ti dárúkọ Luton. Reluwé tó ń gbé bọ̀dá wa padà lálẹ́ kì í parí sí London, ó ń gba inú rẹ̀ kọjá ni, Luton ló ń sùn sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí méjìlá, ó fi orí ti gíláàsì, oorun gbé e lọ. Ó sùn kọjá London Bridge, ó sùn kọjá gbogbo London tó ń tìtorí rẹ̀ jìyà, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ ló jí i ní Luton.

Ọ̀nà reluwé yìí ló sì dùn mí jù. Kó tó dé Gillingham, ó ń gba Woolwich, Plumstead, Abbey Wood, Dartford, Gravesend, Rochester àti Chatham kọjá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ibi tó yẹ kó gbé hàn án lójú fèrèsé, wọ́n tiẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo sọ fún un pé kó wo Thamesmead, tí kò jìnnà sí Abbey Wood. Ìjọba London ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lórí ẹrẹ̀ etí odò Thames láàrín ọdún 1960 sí 1969. Lóòótọ́, kò ní ibùdókọ̀ reluwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 24 oṣù May 2022 ni reluwé Elizabeth line ti ń gbé èèyàn láti Abbey Wood dé Liverpool Street láàrín ìlú, kò tó 20 ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ London ló ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, SE28 ni Thamesmead, London ni! Reluwé Gillingham sì ń dúró ní Abbey Wood. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Thamesmead? Ibi tí àwa-àwa kún sí yẹn?" Ará Peckham ló ń sọ̀rọ̀ o. Ó fẹ́ kí á gbà pé ará Japan ló ń ta ẹja yíyan àti ṣọ̀kọ̀ ní Rye Lane ní Peckham.

Àwọn tó ń sá fún àwa-àwa yìí, ìran kan ni wọ́n. Tọkọtaya kan wà tí wọ́n lọ gba ilé ní abúlé kan tó jẹ́ pé àwọn nìkan ni dúdú níbẹ̀, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ kí agogo méje tó lù nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbọ́ nǹkan míì. Èlùbọ́ di ohun tí wọ́n ń wa mọ́tò lọ rà fún odindi wákàtí kan, irun dídì di ohun tí wọ́n ń dá ọjọ́ fún. Nígbà tí ìyá àgbà wá láti Abẹ́òkúta láti bá wọn wẹ ọmọ, ó jókòó sójú fèrèsé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò rí ẹni kọjá àfi ajá àti ẹni tó dè é mọ́wọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ má parọ́ fún mi, ṣé òkú ló ń gbé àdúgbò yìí ni?"

Àwọn yẹn tiẹ̀ fi ojú ara wọn rí ilé. Àwọn tó ń ti Èkó gba ilé lórí fídíò ńkọ́? Ilé ìdáná ni wọ́n máa ń yà hàn yín: gbogbo rẹ̀ á funfun, á máa dán. Fídíò kì í gbé òórùn wá, kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí ògiri tó ń hu ẹbu dúdú lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ilé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tó ń sọ bó ṣe ń pa ooru mọ́ sí, láti A dé G, òfin sì ni pé èyí tó bá ti rẹlẹ̀ ju E lọ, wọn kò gbọdọ̀ fi háyà, àfi tó bá ní ìyọ̀ǹda. Kò sẹ́ni tó ń béèrè lẹ́tà yìí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ibẹ̀ "posh".

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Òfin 2019 wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín láti fi di ilé mú kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ, owó ìdógò fún ilé bíi tiwa yìí kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wa kan wà, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, tí wọ́n ń gba owó "àgẹ́ǹtì", owó "ìfinimọ̀lé", owó oṣù mẹ́ta, sínú àkáǹtì Nàìjíríà, lọ́wọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó rówó físà. Òmíràn á dé Heathrow tẹrù-tẹrù, á wọ takisí dé àdírẹ́sì tí wọ́n fún un, òyìnbó arúgbó á ṣílẹ̀kùn, á ní ó ti pé 30 ọdún tí òun ti ń gbé ibẹ̀. Olè ni wọ́n. Ẹ má pè wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ayé.

Ẹni tó bá ní ọmọ nìkan ni mo gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe wàhálà lórí àdúgbò. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, bí ọmọ bá pọ̀ ju ààyè lọ, wọ́n ń wọn ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà yín dé tiwọn, ẹni tó sún mọ́ jù ni wọ́n á mú. Ní Kent, ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gba ọmọ ṣì wà, ìyẹn ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wa kúrò ní London lọ sí Dartford àti Gravesend. Ìṣírò gidi nìyẹn. Bọ̀dá wa kò tíì gbéyàwó, kò lọ́mọ, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ń wọ̀n fún un kò sí.

Èèyàn rere sì ni. Owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò méjì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì jẹ́ kó pẹ́ rí. Àwọn aláìsàn arúgbó ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń béèrè. Ìyẹn ló ṣe ń dùn mí pé wákàtí tó yẹ kó fi sùn ló ń fi ra fọ́tò Shard. Ọmọ Kerala yẹn ti ní yàrá kan ṣófo nílé òun, kó máa bọ̀. Bọ̀dá wa ní òun ń rò ó. Ó ṣì wà ní Peckham.

Ẹ̀yin tí ìwé iṣẹ́ yín ń bọ̀ lọ́nà, ẹ kọ́kọ́ wo agogo tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ọkọ̀ tó lè gbé yín débẹ̀ ní agogo náà, pàápàá lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n máa ń dá reluwé dúró tún ọ̀nà ṣe. Ẹ béèrè bóyá lẹ́tà lè wọlé lórúkọ yín. Bí wọ́n bá ní kò lè wọlé, ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ará ilé bá wá ní London lẹ wà, ẹ má bá wọn jiyàn. Bàbá yín kò ní wọ reluwé wá yẹ̀ ẹ́ wò.